Ẹ Má Gé Ojú Màmá: Pánẹ́ẹ̀lì àti Quilt Àkọ́kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Láti ìgbà tí a ti kéde pé kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 9 sí 13 yóò rán quilt ní táàmù yìí ni ìbéèrè kò ti yéé wọlé. Òbí kan ní kí ló kan Yorùbá nínú quilt, ṣebí ti òyìnbó ni? Òmíràn ní ọmọ òun kò tíì lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, báwo ni yóò ṣe rán aṣọ ìbora? Ìbéèrè méjèèjì ni n ó dáhùn níbí, èyí tó rọrùn ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Quilt jẹ́ aṣọ onípele mẹ́ta. Aṣọ tó lẹ́wà wà lókè, òwú pẹlẹbẹ wà láàárín, aṣọ mìíràn wà lẹ́yìn. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọ́n má baà yà kúrò lára wọn. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn ló ń mú kí aṣọ náà wú níbì kan kí ó sì jìn níbòmíràn, bí oko tí a kọ ebè sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa gé aṣọ oríṣiríṣi sí wẹ́wẹ́, wọ́n a tún un tò, wọ́n a rán an pọ̀ di odindi kí wọ́n tó tẹ́ òwú sí i lábẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń sú ọmọdé. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá gé 60 wẹ́wẹ́, tí mẹ́rin péré nínú wọn kò dọ́gba, yóò rí i nígbà tó bá yá pé igun kò bá igun mu mọ́. Yóò ká a sínú ọ̀rá, ọ̀rá yóò sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Pánẹ́ẹ̀lì ló ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. N kò sọ ti pánẹ́ẹ̀lì bítà tó ń lu ara mọ́tò ní Mushin o. Aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán kan ṣoṣo sí lára lódindi ni mo ń sọ: igi ńlá kan, ẹyẹ kan, máàpù, tàbí abúlé pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ańkárá a máa pe àwòrán rẹ̀ léraléra láti etí kan dé èkejì. Pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Èyí tí wọ́n sábà ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ níbí máa ń tó 24 íńṣì ní ìhà kan àti 44 íńṣì ní ìhà kejì. Àwòrán ti parí kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó rán etí yí i ká, kí ó tẹ́ òwú sí i, kí ó wá máa fi abẹ́rẹ́ tọ ìlà tó ti wà lára àwòrán. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ quilt rán dáadáa, tí wọ́n ń sọ pé ìrẹ́jẹ nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ lẹ́tà "ṣ", ṣé a kì í fi àmì tó-tó-tó ya lẹ́tà náà sílẹ̀ fún un kí ó máa tọ̀ ọ́?

Ó yá, ìbéèrè kejì. Kí ló kan Yorùbá?

Kí orúkọ náà, pánẹ́ẹ̀lì, tó dé etí wa ni àwọn ìyá wa ti ń pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ funfun méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀pá méjì ààbọ̀, ni wọ́n ń rán pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ di ìró kan. Aládìrẹ a pín ojú rẹ̀ sí àpótí-àpótí, a ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, a sì máa fi ya nǹkan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ, ewé, àkekèé, ọ̀nì. Níbi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù, wọ́n a sì fi ẹ̀kọ ra á. Bó ti wù kó jẹ́, àdìrẹ gidi ní orúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, ṣíbí sì wà láàárín òpó àti òpó. Olóba wà pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935: ọba àti olorì rẹ̀ jókòó sáàárín aṣọ, nǹkan mìíràn yí wọn ká. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Olóba wọ ṣọ́ọ̀bù quilt kan níbí lónìí, pánẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò pè é.

Ọmọ Olóba ni àwọn aṣọ ìrántí tó wà nínú àpótí yín. Ẹ mọ irú rẹ̀: ańkárá ìsìnkú, ti oyè, ti ọgọ́rin ọdún bàbá, ti àjọ̀dún ìjọ, tí wọ́n tẹ àwòrán ènìyàn sínú róbótó, tí wọ́n sì kọ orúkọ àti ọjọ́ yí i ká. A wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ya fọ́tò, a ká a sínú àpótí ìrìnnà tó wà lórí wọ́dúróòbù. Pánẹ́ẹ̀lì tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá ọmọ kan nínú kíláàsì wa gbé irú rẹ̀ kan wá. Aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni. Màmá wé gèlè, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ayàwòrán ń dá dúró nígbà tí ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 11, orí fóònù nìkan ló ti mọ ìyá àgbà rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ náà ní ilé wọn níbí kò ju ọ̀pá kan ààbọ̀ lọ, àwòrán tó pé lára rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré. Ọmọ ní òun nìyẹn ni òun fẹ́ fi rán quilt. Ìyá rẹ̀ fẹ́, kò sì fẹ́. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mi ò lè dúró wo ibi tí wọ́n ti ń gé ojú màmá mi."

"Kò sẹ́ni tó máa gé wọn lójú. Ẹ jẹ́ ká jókòó ná."

"Tí ọmọ yìí bá wá bà á jẹ́ ńkọ́? Níbo ni mo ti máa rí òmíràn?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò tún tẹ aṣọ ìsìnkú fún ẹni tó ń wá ọ̀pá kan. Ṣùgbọ́n mo bi í pé aṣọ náà ti pé ọdún mélòó nínú àpótí, ó ní mẹ́fà. Mo bi í pé ìgbà mélòó ni ọmọ ti rí i. Kò dáhùn.

Ohun tí a ṣe nìyí, n ó sì sọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí àwọn tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. A ya fọ́tò aṣọ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé sísọ́ọ̀sì. A yọ àwòrán kan sọ́tọ̀, ó padà sínú àpótí ní odindi. Lẹ́yìn náà ni ọmọ fi ańkárá mìíràn tí kò jẹ́ nǹkankan rán pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbà á ní Sátidé mẹ́ta. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ díẹ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìta lẹ́tà tó yí Màmá ká, a fi íńṣì méjì sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ló gé e. Ìyá rẹ̀ ló di aṣọ mú.

Òfin méjì ni a fi lélẹ̀ fún aṣọ tó bá ní àwòrán ènìyàn. Àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gba ojú ẹni náà kọjá. A ó rán yí róbótó ká, a ó rán yí gèlè àti èjìká ká, ojú yóò sì wú jáde fúnra rẹ̀, ó dára ju kí a gún un lọ. Èkejì, kò gbọdọ̀ di tìmùtìmù. Ògiri ni kí a gbé e kọ́. Mo rò pé n kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ jókòó lé màmá ẹnikẹ́ni lórí.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin òbí tí ẹ ó ràn wọ́n lọ́wọ́ nílé, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ kì í sábà tọ́. Aṣọ a máa wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ pé ìlà òkè lè gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má gbọ́kàn lé ìlà tí wọ́n tẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn pánẹ́ẹ̀lì náà ní àárín gbùngbùn, kì í ṣe ní etí, ìwọ̀n àárín yẹn ni kí ẹ sì fi gé aṣọ tí yóò yí i ká. Bí etí bá gùn jù ú lọ díẹ̀, a ó fi píìnì pín in kárí kí a tó rán an. Ẹni tó bá kàn ń rán lọ láìwọ̀n, tó wá gé ìyókù dànù nígbà tó débi òpin, quilt rẹ̀ yóò máa jó bí etí yẹ̀rì.

Àdìrẹ ní ìṣòro tirẹ̀: aró. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí funfun bá di búlúù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sì máa yí omi padà títí aró kò fi ní ṣí mọ́. Bí ẹ bá rán an mọ́ aṣọ funfun láìfọ̀ ọ́, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ quilt náà ni ẹ ó kábàámọ̀. Ańkárá kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú aṣọ ìrántí kì í ṣe òwú gidi, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè mú wọn ká kò. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan. Kí ẹ sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ tún gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ, nítorí wíwọ́ ló ń fa àwòrán gùn.

Nígbà tí etí bá ti wà lára rẹ̀, a ó tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sórí tábìlì, a ó tẹ́ òwú lé e, a ó tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sókè pátápátá. Aṣọ ẹ̀yìn àti òwú gbọ́dọ̀ fi íńṣì méjì ju ti òkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n máa ń súnkì sínú bí a ti ń rán an. A ó gán gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti àárín lọ sí ìta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, aṣọ yóò kó jọ sáàárín, kò sì sí ibi tí yóò sá gbà. Rírán gan-an náà, láti àárín ni. Ojú abẹ́rẹ́ ọmọdé kì í kéré, ẹ má sì fi ìyẹn gàn wọ́n. Kí ó dọ́gba ni mo ń wò, kì í ṣe kí ó kéré. Ìgbátí ni ìkẹyìn, aṣọ tó fẹ̀ ní íńṣì méjì ààbọ̀, tí a ṣẹ́ po sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi Yorùbá sọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Gé e. Gán an. Rán an. Tú u, kí o tún un rán. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "Mo fi owú rán aṣọ mi." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí owú jẹ́, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó tún gbàgbé àmì tó wà lórí òwú.

Bàbá kan pè mí lórí fóònù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun kò bá ti iṣẹ́ náà jà, ṣùgbọ́n òun kò wá sí ìlú òyìnbó kí ọmọ òun wá máa rán àbùlẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láàárín wa, àbùlẹ̀ ni aṣọ ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ìyìn sì ni fún àkísà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa yóò rí i pé aṣọ wẹ́wẹ́ olówó iyebíye ni wọ́n fi ṣe é, tí etí wọn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, tí ìdílé sì ń fi tuntun kún un. Ilé kálukú yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ egúngún, n kò bá ẹnikẹ́ni fà á. Iṣẹ́ aránṣọ tó wà níbẹ̀ nìkan ni mo ń tọ́ka sí, kò sì sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní aṣọ aláìní.

Mo tún sọ ìtàn obìnrin kan fún bàbá náà, Harriet Powers, ará Georgia ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú ni, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1837. Ó rán quilt kan tó ní àpótí 11, ìtàn Bíbélì ló wà nínú wọn: Ádámù àti Éfà, Kéènì àti Ábẹ́lì, àlá Jékọ́bù. Kò rí àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ lò bíi tiwa, fúnra rẹ̀ ló gé gbogbo ènìyàn àti ẹranko inú rẹ̀ láti ara aṣọ, tó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e síta níbi àfihàn kan ní ìlú Athens ní 1886. Olùkọ́ kan, Jennie Smith, fẹ́ rà á, Harriet kọ̀. Nígbà tí nǹkan wá le fún ìdílé rẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ gbé e wá. Dọ́là mẹ́wàá ló pè é, dọ́là márùn-ún ló gbà. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó ṣàlàyé àpótí kọ̀ọ̀kan fún Jennie Smith, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Harriet padà wá wo quilt rẹ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lónìí, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington, ohun tí a sì mọ̀ nípa inú rẹ̀, àlàyé ọjọ́ náà ni.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba quilt kankan lọ́wọ́ ọmọ kankan ní òpin táàmù bí kò bá ní ìwé lẹ́yìn. Aṣọ funfun kékeré kan ni, bí àtẹ́lẹwọ́, tí a ó rán mọ́ igun ẹ̀yìn. Ọmọ yóò fi kálàmù tí omi kò lè fọ̀ kọ ohun mẹ́rin sí i ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì: orúkọ ara rẹ̀, ọdún, ibi tí aṣọ ti wá, àti ohun tí àgbàlagbà kan nílé sọ nípa àwòrán náà. Ti ìkẹyìn yẹn ni kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọ tó ní aṣọ Màmá lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè. Òun gan-an kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gààrí ni Màmá ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́, pé bí wọ́n bá ń wọn gààrí, wọ́n a máa fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún aboyún. Ìyá náà sọ fún mi pé òun kò rántí ti aboyún yẹn títí ọmọ fi béèrè. Gbólóhùn mẹ́ta ni ọmọ kọ. Nínú gbólóhùn kejì, ó kọ "gari" láìsí àmì, mo sì dá a padà fún un.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bá wa mú nǹkan wọ̀nyí wá: sísọ́ọ̀sì tí ẹ kò fi gé ìwé rí, téèpù ìwọ̀n, òwú funfun àti dúdú, àti aṣọ tí ọmọ fẹ́ lò. Bó bá jẹ́ aṣọ ìrántí, kí òbí bá ọmọ wá kí a lè jọ wò ó kí a tó gé e. A ó ra òwú àárín pọ̀, ẹ má dá a rà. Ẹni tí kò ní aṣọ nílé lè wò ní Peckham, wọ́n ń ta ańkárá ní ọ̀pá-ọ̀pá níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí àwòrán rẹ̀ tóbi, ẹyẹ kan tàbí òdòdó ńlá kan, àpótí kan lára rẹ̀ yóò tó ọmọ. Mo ní àdìrẹ méjì tí mo lè gé fún ẹni tí kò bá rí rárá. Ìbàdàndùn ni ọ̀kan, ọmọ tó bá sì mú un gbọ́dọ̀ lọ wá ẹni tí yóò sọ fún un ìdí tí ṣíbí fi wà láàárín òpó Mápó.